Ìsàlẹ̀ Ojú Ìwé Tí Mi Ò Kà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: ẹnu mi ló bà á jẹ́. Kì í ṣe ẹnu ọ̀tá, kì í sì í ṣe ẹnu aráyé. Ẹnu èmi fúnra mi ni, ẹnu tí mo ti fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ìjọba ní Kàbà láti ìgbà tí irun orí mi ti dú.

Mo fẹ́ràn ìwé ogun. Obìnrin kan lè fẹ́ràn aṣọ, kí òmíràn fẹ́ràn wúrà, ìwé ogun ni tèmi. Kì í ṣe àròsọ o. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni mò ń wá: ogun àwọn òyìnbó nínú yìnyín, ogun àwọn ènìyàn dúdú tó ń para wọn nítorí ààlà tí àwọn fúnra wọn ò fà, ogun àwọn Núpé tó lé àwọn baba ńlá wa gun orí òkè. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Lọ́kọ́ja ni mo ti ń rà wọ́n. Ọ̀gágun ni àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ń pè mí. Ọkọ mi a máa ní bí olè bá wọlé wa, yóò rò pé bárékè ni òun já sí, yóò sì padà sẹ́yìn. Inú mi máa ń dùn sí i. Mi ò ní purọ́, inú mi máa ń dùn gan-an.

Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń jẹun ni mo ṣe ń kàwé. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ṣẹ́gun, mo fẹ́ mọ ìlú tó bọ́, mo fẹ́ rí àwòrán ilẹ̀ tó ní ọfà dúdú dúdú. Àwọn ọ̀rọ̀ wínníwínní tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, tí wọ́n fi nọ́ńbà kékeré sàmì sí, n kì í yà sọ́dọ̀ wọn. Mo gbà pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń fi wọ́n ṣe yànga fún ara wọn. Mo ti parí ìwé tó nípọn bí bíríkì láìka ẹyọ kan nínú wọn, mo sì tún ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ènìyàn jiyàn.

Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ja ogun abẹ́lé Nàìjíríà. Ẹ̀sìn méjì ló wà nínú ìdílé wa: bàbá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Kékeré ń kírun, Kérésìmesì àti Iléyá la sì jọ ń jẹ. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ní oko iṣu, wọ́n sì ní kájú díẹ̀. Láti kékeré mi ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti ṣe sójà rí, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ gbólóhùn méjì nípa rẹ̀ lẹ́nu wọn. Nígbà tí mo dàgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ogun, mo yọ wọ́n lẹ́nu títí. Mo gbé bírò lọ, mo gbé ẹ̀bùn lọ. Wọn a gba ẹ̀bùn, wọn a ṣàdúrà fún mi, wọn a sì béèrè àwọn ọmọ mi. Ó máa ń bí mi nínú. Odindi sójà nínú ilé, èmi wá ń lọ ra ogun ní Lọ́kọ́ja! Lọ́jọ́ kan mo sọ ọ́ níwájú ọkọ mi pé bóyá ọbẹ̀ ni wọ́n ń sè fún àwọn tó ń jà. Ẹnu mi náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé àwọn méjì ló jọ wọṣẹ́ sójà lọ́jọ́ kan náà ní Kàbà níbí. Ẹnì kejì jẹ́ ọmọ Odò-Ape, ní ilẹ̀ Bùnù. Oko ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń bá ṣe lẹ́bàá oko tiwa, ibẹ̀ ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Bàbá Kékeré padà wálé lẹ́yìn ogun. Ọmọ Odò-Ape ò padà. Kò sí lẹ́tà, kò sí ẹni tó wá túfọ̀. Àwọn kan ní ó ti kú, àwọn kan ní ó ti fẹ́yàwó síbẹ̀, pé ó ti gbàgbé ilé. Ìyá rẹ̀ kú níbi tó ti ń retí rẹ̀. Ó wá ku àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ìyá arúgbó báyìí, tó ní òun ò fẹ́ kú láìsìnkú ẹ̀gbọ́n òun. Àwọn àgbà ìdílé wọn kọ̀. Wọ́n ní a kì í sìnkú ẹni tí ẹnikẹ́ni ò rí òkú rẹ̀, pé bó bá wà láàyè níbì kan ńkọ́, ṣé wọ́n á wá sin alààyè ni? Wọ́n ní kó lọ mú ẹni tó fojú rí i wá, kí onítọ̀hún dúró níwájú àwọn, kó sọ ibi tó kú sí àti bó ṣe kú.

Ìyá yìí wá Bàbá Kékeré kàn ní ọjọ́ ọjà. Ìyàwó Bàbá Kékeré ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí wọ́n rí ojú ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ojú ogun dé, wọn ò gba ọ̀nà Odò-Ape kọjá rí, àní bí oko bá gbé wọn lọ sí apá ibẹ̀. Wọ́n bẹ ìyá náà pé kó fún àwọn láyè díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó wá ní ọjọ́ kejì Iléyá, kó mú àgbà ìdílé wọn kan dání, àwọn yóò sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Wọ́n sì ránṣẹ́ sí èmi náà. Wọ́n ní kí n mú ìwé àti bírò wá, èmi ni n óò kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ará Odò-Ape, nítorí pé èmi ni mo mọ̀wé ogun. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn dáadáa. Mo mú ìwé tó mọ́ wá, mo mú bírò méjì. Mo tún gbé nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n gbé: ìwé ńlá kan lórí ogun abẹ́lé náà, tí mo ti kà lẹ́ẹ̀mejì, tó ní àwòrán ilẹ̀ lóríṣiríṣi.

Abẹ́ igi máńgòrò nínú àgbàlá wọn la jókòó sí. A ti jẹun, òórùn ẹran àgbò ṣì wà lára gbogbo wa. Bàbá Kékeré jókòó lórí àga, wọ́n wọ agbádá Iléyá wọn, ọwọ́ wọn wà lórí orúnkún. Ìyá Odò-Ape jókòó lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀. Àgbà ìdílé wọn, bàbá kan tó gbé gíláàsì sójú, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn ọmọ ilé àti àlejò díẹ̀ dúró káàkiri. Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀. Ohùn wọn kéré. Wọ́n ní òjò ń rọ̀ nígbà náà, ẹrẹ̀ mu àwọn dé orúnkún, àwọn ọ̀gá ní kí díẹ̀ nínú àwọn sọdá odò lọ sí ìlú kan. Wọ́n dárúkọ ìlú náà.

Bírò mi dúró. Mo mọ ìlú yẹn. Ìwé mi ti sọ ìgbà tí àwọn ọmọ ogun tiwọn dé ibẹ̀, kì í sì í ṣe ìgbà òjò. Bó bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n ni mí, ǹ bá dákẹ́, ǹ bá kọ ohun tí wọ́n sọ, ǹ bá wá bi wọ́n ní kọ̀rọ̀ tó bá yá. Àbí ta ló rán mi níṣẹ́? Ṣùgbọ́n mo rí i pé gbogbo ojú wà lára wọn, ó sì wù mí kí ó wà lára èmi náà.

Mo ní, “Bàbá, ẹ dúró ná. Ẹ ò lè wà ní ìlú yẹn nígbà òjò. Ọyẹ́ ni ìwé sọ.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní òjò ni. Mo ṣí ìwé. Mo fi ìka tọ ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun wọn gbà lórí àwòrán ilẹ̀, mo ń ka orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹni wà níwájú kíláàsì, mo sì gbé e fún bàbá onígíláàsì kó fojú ara rẹ̀ rí i. Mo ní ọjọ́ ogbó ni, pé ogún ọdún lọ́nà méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe eré, pé bóyá ìlú mìíràn ni wọ́n ń rò. Mo tiẹ̀ dárúkọ méjì fún wọn kí wọ́n mú ọ̀kan. Ẹnì kan lẹ́yìn wa ní ìwé kì í purọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan rẹ́rìn-ín. Bàbá onígíláàsì wo ìwé, ó wo Bàbá Kékeré, ó wá béèrè bóyá ohun tí wọ́n ń sọ yìí dá wọn lójú.

Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ kúrò lórí orúnkún. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Okun.”

Ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè má mọ bí ìkíni wa yẹn ṣe gbòòrò tó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun. Ẹni tó ti ìrìnàjò dé, okun. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, okun. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, okun náà ni. Nínú ojú àti ohùn ẹni tó ń kíni la ti ń mọ èyí tó ń kí, àti ẹni tó ń kí. Èmi ò wo ojú. Èmi gbọ́ okun, mo rò pé wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́ ni, pé wọ́n gbà fún ìwé. Mo rẹ́rìn-ín, mo tẹríba díẹ̀, mo ní okun o, Bàbá. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé. Bàbá onígíláàsì dá ìwé mi padà fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní ó ṣeun, pé ìmọ̀ dára, ó wá sọ fún ìyá náà pé àwọn ò lè fi ọ̀rọ̀ tí kò dúró sójú kan sìnkú. Ìyá náà fi gèlè bojú. Mo rò pé oòrùn ló ń pa á.

Mo délé, mo ròyìn fún ọkọ mi bí mo ṣe tún ìtàn ṣe. Ó ní ta ló bẹ̀ mí. Mo bínú sí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyàwó Bàbá Kékeré wá bá mi nílé ẹ̀kọ́. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ní òun kàn fẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni ọkọ òun kí lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ìyá Odò-Ape ni wọ́n kọjú sí, pé ọ̀fọ̀ ni wọ́n fi okun yẹn kí i, pé èmi ni mo wá gba ìkíni ọlọ́fọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí mo tún ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní láti ìgbà náà wọn ò jẹun dáadáa. Kàkà kí n kúnlẹ̀, ẹ ò rí i pé mo tún ń jiyàn. Mo ní ìwé ni mo kà, mi ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wò mí, ó ní ó dára, ó lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo ayé ló mọ òwe yẹn, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ.

Ìjà yẹn ò tán nínú mi. Mo ní n óò da ojú ewé náà kọ, n óò gbé e fún ìyàwó Bàbá Kékeré, kó lè mọ̀ pé ẹ̀bi mi kọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́, mò ń dà á kọ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ ìlú náà, mo rí nọ́ńbà kékeré kan lára rẹ̀. Nítorí pé mò ń dà á kọ, mo ní kí n má fo ohunkóhun. Mo tẹ̀ lé nọ́ńbà náà lọ sí ìsàlẹ̀.

Ìlà mẹ́rin péré ni. Òǹkọ̀wé náà sọ níbẹ̀ pé kí ọyẹ́ tó dé, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, wọ́n ti yọ àwọn sójà díẹ̀ nínú ikọ̀ náà, wọ́n fi wọ́n yá ikọ̀ mìíràn, wọ́n sì ní kí wọ́n sọdá odò sí ìlú yẹn, pé púpọ̀ nínú wọn ò padà. Ó ní òun ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òun ò rí ẹnikẹ́ni tó kù nínú wọn bá sọ̀rọ̀.

Mo ju bírò sílẹ̀. Olùkọ́ kan béèrè bóyá ara mi ò yá. Òǹkọ̀wé yẹn wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ títí, kò rí. Èmi rí i, ó jókòó níwájú mi nínú agbádá, ó ti la ẹnu, mo sì fi ìwé òǹkọ̀wé náà pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ ó rò pé mo sáré lọ bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ náà. Mi ò lọ. Ojú ń tì mí. Mo ní kí n jẹ́ kí ọjọ́ Sátidé dé. Sátidé dé, mo ní òjò ti ṣú. Lọ́sẹ̀ kejì mo pàdé wọn lọ́nà oko, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n béèrè àwọn ọmọ mi bíi ti àtẹ̀yìnwá, ọ̀rọ̀ náà sì dé ètè mi ó padà. Mo ń wá ọ̀nà tí n óò fi sọ ọ́ tí mi ò ní kéré. Lóòótọ́, ohun tí mò ń wá nìyẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n pè wá sí Lọ́kọ́ja láti lọ máàkì ìwé ìdánwò, mo sì dúpẹ́ nínú mi pé mo ríbi sá sí. Mo ní bí mo bá dé, ibi àkọ́kọ́ tí n óò yà nìyẹn.

Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti pè mí. Bàbá Kékeré ṣubú lóko ní àárọ̀, kí wọ́n tó gbé wọn délé ẹ̀mí ti bọ́. Mùsùlùmí kì í tọ́jú òkú pẹ́. Nígbà tí n óò fi rí ọkọ̀ láti Lọ́kọ́ja, tí n óò fi dé Kàbà, wọ́n ti kírun Alásárì, wọ́n ti sin wọ́n. Erùpẹ̀ ni mo bá.

Nígbà tí àwọn ènìyàn dín kù, mo kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó wọn, mo sọ ohun tí mo rí ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Mo sunkún. Mo bi í bóyá wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún òun, ibi tí ọmọ Odò-Ape kú sí, bí wọ́n ṣe sin ín. Ó ní wọn ò sọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ní àwọn lè sọ ọ́, èmi ni wọ́n sì yàn pé kí n kọ ọ́. Ó ní títí di àná, bí alùpùpù bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní bóyá ọmọ tíṣà yẹn ló wá. Kò bú mi. Ì bá sàn ká ní ó bú mi.

Nígbà tí ó pé ogójì ọjọ́, mo gbé ìwé náà, mo gun ọ̀kadà lọ sí Odò-Ape. Mo bá ìyá náà níbi tó ti ń fọ́ ẹ̀gúsí níwájú ilé. Ó ti gbọ́ pé Bàbá Kékeré kú. Ó ní kí wọ́n lọ pe bàbá onígíláàsì wá. Mo tú ìlà mẹ́rin yẹn sí Yorùbá fún wọn. Mo ní òótọ́ ni Bàbá Kékeré ń sọ, pé òjò ni, pé èmi ni mi ò kàwé tán. Bàbá onígíláàsì gba ìwé, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ka ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà fúnra rẹ̀. Ó béèrè bóyá orúkọ ọmọ wọn wà níbẹ̀. Mo ní kò sí. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni kù tó rí i. Mo ní mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Ó mi orí. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà. Ó dìde, ó lọ.

Ìyá náà ò dá ọwọ́ dúró lẹ́nu ẹ̀gúsí rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bi mí, kò sì gbójú sókè:

“Kí ni ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi sọ fún ọ pé wọ́n ṣe fún un? Ṣé wọ́n sin ín, àbí wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀?”

Gbogbo ogun tí mo ti kà, gbogbo ọfà dúdú dúdú lórí àwòrán ilẹ̀, kò sí ìkankan tó ràn mí lọ́wọ́. Mo ní, “Mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ débẹ̀, màmá.”

Ó dá ọwọ́ dúró nígbà náà. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé òun nìkan ló kù láyé tó mọ ojú ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní mo mọ̀. Irọ́ ni mo pa, mi ò rò ó dé ibẹ̀ rí.